Ọmọ mi tú ọ̀rọ̀ inú ilé síta lójú ìjọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànní, Tákíè

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Oorun kò kun ojú mi láti àná. Ìkórè la ṣe nínú ìjọ wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn tí a jó lọ síwájú pẹpẹ tán, tí kálukú ń kí ara wọn, màmá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún wá bá wa níbi tí a jókòó sí. Àwọn ni wọ́n gbé Àkànní jó lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú bisikíìtì jáde, wọ́n nà án sí i. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, fà sẹ́yìn, ó di ìró mi mú, ó sì là á mọ́lẹ̀ ketekete: "Màmá mi ní ẹ kì í dá owó padà."

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa bíi mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ màmá dúró lófuurufú pẹ̀lú bisikíìtì. Mo ń gbọ́ bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe ń dún nítorí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbá ọmọ létí. Ó figbe bọnu: "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún dádì!" Màmá ní, "Ó tó, ọmọ mi, má sunkún mọ́." Wọ́n dá bisikíìtì padà sínú àpò, wọ́n fọwọ́ tún gèlè wọn ṣe, wọ́n lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Wọ́n yá ₦15,000 lọ́wọ́ mi nígbà òjò láti fi kún owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n ti san ₦9,000, ó ku ₦6,000. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná, tí mo nílò owó, inú ń bí mi, mo sọ fún ọkọ mi pé màmá yìí kì í dá owó padà. Irọ́ ni, nítorí wọ́n ń san án. Àkànní jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fi ẹ̀wà tó ní kòkòrò tí mo ṣà sọ́tọ̀ to ìlà sílẹ̀. Mi ò rò pé ó ń gbọ́.

Mo fẹ́ bẹ màmá, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì mọ ohun tí màá sọ fún ọmọ. Ṣé kí n ní kó má sọ òótọ́ mọ́ ni? Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ti ń bà mí lẹ́rù.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀rù

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àkànní. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti ọwọ́ màmá tó ń gbọ̀n.

Ti bíbẹ̀, màá fi sílẹ̀ fún àwọn tó dàgbà jù mí lọ. Ti ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ sọ, torí mo bí méjì pọ̀, ojú mi sì ti rí i. Ìdákẹ́jẹ́ àdúrà ni a wà lọ́jọ́ kan, Táyé gun orí bẹ́ǹṣì, ó nawọ́ sí bàbá kan: "Màmá, ẹ wò ó, wọ́n ti sùn." Bàbá náà sì ti sùn lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ilé ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó jáde, mo máa ń lóṣòó kí ojú èmi àti tiwọn ṣe déédéé, màá wá to bí òwúrọ̀ yẹn ṣe máa rí fún wọn: a ó kọrin, a ó jókòó, pásítọ̀ yóò wàásù, ìwàásù yóò pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó wá lọ jẹun. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé yóò pẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà bèèrè bóyá ó ti tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun yó nílé. Tíì àti búrẹ́dì kì í gbé ọmọ dé ìwàásù. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ló ń gbé e. Bí a bá ti dé, ilé ìtọ̀ ni a kọ́kọ́ ń lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ní ìtọ̀ kò gbọ̀n wọ́n.

Ìpanu tí ọ̀rá rẹ̀ ń dún, ẹ má gbé e wọ inú ilé ìsìn. Ẹ tú u sínú ike kékeré tó ní ọmọrí kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sì jókòó sí etí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ lè gbé ọmọ jáde láìtẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Bàbá Ìbídùn, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo yín. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ìyá òde òní ń kẹ́ ọmọ jù. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà tiwa, ìyá wa kì í sọ̀rọ̀ lóde rárá. Wọ́n á kàn mọ́ wa lójú, gbogbo wa á sì wọ inú ara wa. Tí ọmọ ọdún 4 bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sí àgbàlagbà, kí ni yóò sọ tó bá pé ọdún 14? Ìgbájú kan kò pa ọmọ. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tó ṣe kò dára.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀rù

Ẹ ṣé, bàbá wa. Ìmọ́lójú tí ẹ sọ yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ojú ìyá yín tó ṣiṣẹ́ lóde, wọ́n ti kọ́ yín ní ìtumọ̀ rẹ̀ nílé. Àkànní kò bú ènìyàn, kò sì purọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló tún sọ. Tí a bá nà án, kí gan-an ni a ní kó jáwọ́ nínú rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọdé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgbájú yẹn kí a tó tẹ̀ síwájú. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá dé ojú ihò etí, atẹ́gùn tó bá tì wọ inú etí lè fa ìlù etí ya. Mo ti rí ọmọ tó bá a bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ ní ibi kankan. Ìyá Àkànní, ẹ wo etí ọmọ yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde, bí ó bá ń pariwo etí dídùn, tàbí tí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí. Ẹ má kán òróró tàbí àdí sí i.

Nípa ọjọ́ orí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ èyí. Ọmọ ọdún 3 gbà pé ohun tí òun bá mọ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 4 sí 5 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e pé ohun tó wà lọ́kàn òun lè yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Ó tún máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ tó ń dun ènìyàn. Nítorí náà, Àkànní kò mọ̀ pé àṣírí ni. Lójú tirẹ̀, màmá yẹn náà ti mọ̀ pé ẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn.

Oorun ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ ọdún 3 sí 4 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ wá wo òru tó ṣáájú ìkórè. Iná wà lábẹ́ ìkòkò títí di ọ̀gànjọ́, a ń lọ ata, àlejò ń dé láti Ìbàdàn àti Èkó, aago 5 ni a sì ti ń jí ọmọ wẹ̀. Ọmọ tó bá sun wákàtí 5 kò ní agbára láti kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Bí ẹ bá mọ̀ pé òru máa pẹ́, ẹ gbé e lọ sùn sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àǹtí Sọ́ńdè Sukúù

Ọdún 11 nìyí tí mo ti ń bójú tó kíláàsì àwọn kéékèèké. Ìbéèrè kan ni Ìyá Àkànní bi tó ká mi lára: ṣé kí ó ní kí ọmọ má sọ òótọ́ mọ́? Rárá o.

Ohun tí mo fi ń kọ́ wọn ni mo pè ní ọ̀rọ̀ etí. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ ẹlòmíràn, etí màmá tàbí etí àǹtí ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ sí. Ẹ fi ṣeré nílé. Ẹ jókòó sórí àga, kí ó wá ohun kan lára yín tàbí lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó wá sọ ọ́ sí yín létí ní jẹ́jẹ́. Aṣọ yín ti dọ̀tí. Irun ẹ̀gbọ́n ti tú. Ẹ óò rí i pé á máa dùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti wá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ìka kan etí yín, ó ti mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń bà á jẹ́ nìyí: ọmọ sọ ọ̀rọ̀ sí wọn létí, wọn kò dá a lóhùn. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní "ṣẹ̀ẹ̀!" Ẹ̀ẹ̀kẹta, á pariwo. Bó bá ti sọ ọ́, ẹ mi orí, ẹ ní "mo gbọ́, a ó sọ ọ́ nílé." Bí ẹ bá dé ilé, ẹ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọmọ kì í gbàgbé. Mo ní ọmọbìnrin kékeré kan ní kíláàsì mi tó bi mí létí ìdí tí bàbá kan fi ń tiro. Mo ṣèlérí, mo sì gbàgbé. Ọjọ́ Àìkú kejì, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà: "Àǹtí, ẹsẹ̀ bàbá yẹn ńkọ́?"

Ìkejì, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń ka èyí dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sọ fún ọmọ pé "ohun tí a bá sọ tàbí tí a bá ṣe nínú ilé, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Ẹni ibi tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, gbólóhùn yẹn gan-an ni yóò lò. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé: "Ọ̀rọ̀ tó lè dun ẹlòmíràn, màmá ni kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá dùn ọ́, tàbí tó bà ọ́ lẹ́rù, sọ ọ́ fún màmá, sọ ọ́ fún dádì, sọ ọ́ fún àǹtí rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o má sọ ọ́, wá sọ orúkọ ẹni náà fún wa." Ẹ jẹ́ kí ó kà á sórí bí ó ṣe ń ka ABD.

Dádì Kékeré, ẹ̀gbẹ́ LAUTECH

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti ọmọ tiwa, ọdún 3, igbá ọrẹ ni. Mo fún un ní ₦200 kó fi sí i. Ó fi sí i, ó wá ki ọwọ́ bọ igbá, ó ń wá ṣéńjì. Igbá kò lè kọjá, gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí wa. Ọjà Ìgbò ni ìyá rẹ̀ máa ń mú un lọ, ohun tó ń rí níbẹ̀ ló ṣe. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́: a fi abọ́ ṣe ọrẹ nílé, a sọ fún un pé ẹ̀bùn ni èyí, a kì í gba nǹkan padà. Mi ò sì ń fi owó sí i lọ́wọ́ mọ́ títí igbá yóò fi ku bẹ́ǹṣì méjì.

Ìyá Ìjọ

Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń rí láti iwájú, nítorí ọkọ mi ni olùṣọ́ àgùntàn. Ẹ̀yin òbí rò pé gbogbo wa ń bínú sí yín bí ọmọ yín bá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi sọ fún mi pé igbe ọmọ kò da ìwàásù òun rú rí bí ìpòṣé àwọn àgbà ṣe ń dà á rú. Ẹni tó yí ọrùn padà, tó pòṣé sí ìyá ọlọ́mọ, òun ló ń lé ìyá yẹn kúrò nínú ìjọ. Mo mọ ìyá mẹ́ta tí wọn kò wá fún oṣù púpọ̀ nítorí ìpòṣé. Jésù tí a ń sìn gbé ọmọ mọ́ra níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ lé wọn.

Ọmọ tèmi náà ti sọ ọ́ rí, níwájú àwọn díákónì, pé dádì àti màmá òun jà láàárọ̀. A jà lóòótọ́. Ọkọ mi dá a lóhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, a sì ti bẹ ara wa." Kò sí ẹni tó tún bèèrè nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà obìnrin ìjọ, bí ẹ bá rí ìyá kan tó ń bá ọmọ méjì tàbí mẹ́ta fà á, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bàbá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n

Ìyá Àkànní, ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, ti mú ìhìn rere wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọdé ti ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ọlọ́run kò tí ì lé wọn. Ọ̀rọ̀ ti màmá yẹn ló jẹ mí lógún.

Má fi fóònù bẹ̀ wọ́n. Má kọ ọ́ sórí WhatsApp. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ sí ilé wọn pẹ̀lú ọkọ rẹ kí ọjọ́ Àìkú tó pé, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti kúrò lójú iṣẹ́. Kúnlẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan." Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀, ọmọ kàn rù ú dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Sọ pé: "Màmá, èmi ni mo sọ ọ́, kò sì rí bí mo ṣe sọ ọ́. Mo jẹ̀bi." Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Má ṣàlàyé ìnáwó rẹ, má sọ pé ebi ń pa ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àlàyé máa ń ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́.

Má dárúkọ owó. Má sọ pé o ti fi ₦6,000 jì wọ́n. Bí o bá fi jì wọ́n lọ́jọ́ yẹn, ńṣe lo tún sọ pé agbára wọn kò ká a. Bí àwọn fúnra wọn bá sọ̀rọ̀ owó, gbọ́ ohun tí wọ́n bá ní.

Má mú ọmọ lọ kí o ní kó kúnlẹ̀. Kò ṣẹ̀ wọ́n. Bí ó bá tẹ̀ lé yín, kó máa ṣeré.

Ti àwọn obìnrin mẹ́fà tó wà níbẹ̀, má pe ìpàdé. Nígbà tí o bá rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, sọ gbólóhùn kan: "Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ lọ́jọ́ ìkórè, ẹnu mi ló ti jáde, irọ́ ni mo sì pa." Má sọ iye, má sọ ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kí o wo ojú rẹ̀ kí o kọjá lọ. Ojú wọn ni orúkọ màmá ti bàjẹ́, ojú wọn náà ni kó ti tún ṣe.

Bàbá Ìbídùn, mo kí yín. Mo ti na ọmọ rí lójú ìjọ. Ó ti lé ní 40 ọdún báyìí, kò rántí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ló rántí, ó sì sọ ọ́ fún mi.

Bàbá Ìbídùn, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Mo gbọ́, bàbá. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí a bá ọmọ wí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ti ọmọ yìí yàtọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì fún ohun tí wọ́n sọ nípa ìgbájú àti ìlù etí. Èmi kò mọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Àkànní, Tákíè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Ọjọ́bọ̀ nìyí. Etí Àkànní kò ní nǹkan kan, a lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé tí Nọ́ọ̀sì ti kọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé èmi ni mo sọ ohun tí kò dára, àti pé kò yẹ kí n gbá a létí. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n wá sọ ọ́ sí yín létí nígbà míì?" A ti ń fi ọ̀rọ̀ etí ṣeré láti ìgbà náà.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni èmi àti bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ màmá. Wọ́n ń pa iná ìdáná làfún nígbà tí a wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bí Bàbá Àgbà ṣe ní kí n sọ ọ́, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ṣòro jù. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi etí ìró nu ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní tàn ọ́. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn." Mo sunkún. Wọn kò ní kí n dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí n sun ún.

Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú ₦2,000 jáde. Ọwọ́ mi fẹ́ tì í padà, mo rántí ohun tí bàbá sọ, mo gbà á, mo dúpẹ́. Ojú wọn fúyẹ́ nígbà tí mo gbà á.

Mo ti rí mẹ́rin nínú àwọn obìnrin mẹ́fà náà, mo sì ti sọ gbólóhùn mi. Ọ̀kan ní kí n jókòó kí n ṣàlàyé, mo ní ó tì. Méjì ló kù, màá rí wọn níbi ìpàdé ẹgbẹ́.

Àkànní tẹ̀ lé wa lọ, ó ń lé adìyẹ wọn káàkiri àgbàlá. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, màmá pè é, wọ́n bi í bóyá yóò jókòó lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Àìkú. Ó sáré wá sọ́dọ̀ mi, ó fa orí mi wálẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí pé òun fẹ́. Mo ti ra ike kékeré kan tó ní ọmọrí, inú rẹ̀ ni bisikíìtì rẹ̀ máa wà.